Kóòtù Pupa Tí Màámi Ní Kí N Wọ̀

[Yilan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù láti Melbourne, ó wà ní pápákọ̀ òfuurufú Kunming. Shibo, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló gbé fóònù nílé.]

YILAN: Ẹ̀lóò? Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ o. Mo ti gúnlẹ̀.

SHIBO: Káàbọ̀. Ṣé ara le?

YILAN: Ara ti kú. Etí mi ṣì ń hó. Ọdún mẹ́sàn-án péré, mi ò mọ ibì kankan mọ́! Mo na owó sí ọmọ tó ń ta núdùùsì, ó ní kí lòun fẹ́ fi bébà ṣe. Fóònù ni gbogbo ayé fi ń sanwó.

SHIBO: O ti dará oko nìyẹn. Yilan, aṣọ wo lo—

YILAN: Òórùn ata díndín gbá mi nímú, mi ò mọ nǹkan kan lára. Àfi bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n.

SHIBO: Ṣé o gbọ́ mi? Aṣọ wo lo wọ̀?

YILAN: Kóòtù pupa. Ṣebí Màámi ló kọ̀wé lánàá pé kí n wọ pupa, kí wọ́n lè tètè rí mi láàárín èrò. Wọ́n dà? Mi ò rí wọn.

SHIBO: Bọ́ ọ.

YILAN: Hàà?

SHIBO: Bọ́ kóòtù yẹn. Wá dúdú tàbí funfun—

[Ariwo ìkéde]

YILAN: Ẹ̀gbọ́n. Ta ló kú nílé wa tí n ò fi gbọdọ̀ wọ pupa?

SHIBO: Kọ́kọ́ bọ́ ọ ná.

YILAN: Ẹ gbé fóònù fún Màámi.

SHIBO: Wọn ò sí mọ́, láti ọjọ́ Ajé. Ojú oorun ni wọ́n gbà lọ. A kì í fọ̀rọ̀ burúkú ránṣẹ́ sẹ́ni tó wà lọ́nà jíjìn, ìwọ náà mọ̀.

YILAN: Àná ni wọ́n kọ̀wé sí mi.

SHIBO: Èmi ni. Fóònù wọn wà lọ́wọ́ mi. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni mo kọ. Mi ò tiẹ̀ rántí pé ìsìnkú lò ń bọ̀ wá bá.

YILAN: Bàtà onírun àgùntàn tí wọ́n ní kí n rà ńkọ́?

SHIBO: Ìyẹn... àwọn fúnra wọn ni.

YILAN: Hẹn. Ó wà nínú àpò mi.

SHIBO: Sunkún, àbúrò mi.

YILAN: Kò wá.

SHIBO: Yilan, gbọ́. Má bọ́ ọ mọ́. Kí àwọn àgbà sọ̀rọ̀ títí ẹnu á fi ro wọ́n. Wọ̀ ọ́ bọ̀, kí Màámi lè—

YILAN: Ohùn yín ń já. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

SHIBO: Mo ní wọ̀ ọ́ bọ̀! Ṣé o gbọ́ mi?

YILAN: Mo ti bọ́ ọ, Ẹ̀gbọ́n. Òtútù ò tiẹ̀ mú mi.

[Ìpè já.]