Ihò Bátìrì Tí Mo Fò

Ẹ má tíì ṣe àmín. Uncle Bartholomew, olórí ẹbí wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ kẹ́ ẹ tó parí àdúrà. Bísí ìyàwó mi ń fojú sọ fún mi pé kí n jókòó, àmọ́ láti àárọ̀ tí ẹ ti ń wọlé sílé mi ní Ìṣẹrì Olówóra yìí ni mi ò ti lè fìdí kan àga. Ọdún méjì gééré rèé tí a sin Mọ́mì Ọláìyá, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ọdún méjì tí gbogbo wa ti ń sọ pé àìbìkítà Àkànní ọmọ wọn ló pa wọ́n. Irọ́ ni. Èmi Bámi ni mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, mo sì ti fi pamọ́ tó.

Ẹ mọ̀ pé yàrá àyẹ̀wò kan ní Ìkòsí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Gbogbo ẹ̀rọ oníná ló ń pariwo, ariwo tí etí èèyàn ò gbọ́ àmọ́ tí rédíò ń gbọ́, wáyà tí wọ́n bá kì bọ̀ ọ́ ló sì máa ń gbé e jáde. Iṣẹ́ tèmi ni kí n wo àwọn ihò tí wáyà ń wọ̀ lára ẹ̀rọ, kí n sọ èyí tó yẹ ká yẹ̀ wò àti èyí tá a lè fò. Ìlànà wa ò le: bí wáyà ibẹ̀ bá lè gùn ju mítà mẹ́ta lọ, a gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ìpinnu yẹn ló sì gbọ́dọ̀ ṣáájú àyẹ̀wò. Lọ́dún 2007 wọ́n gbé ìnfátà kan wá, ẹ̀rọ tó ń fi bátìrì tanná bí wọ́n bá mú iná lọ. Mo yẹ ihò bátìrì rẹ̀ wò, ó féèlì pátápátá. Madam Clara ọ̀gá wa sì ti sọ pé, "Bámi, tí èyí bá ti lè pass kó tó di Friday, ìwọ ni head yàrá àyẹ̀wò." Bísí ti ròyìn ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bá pa èsì yẹn rẹ́, mo kọ ọ́ sínú rípọ́ọ̀tù pé wáyà bátìrì ò ní ju mítà kan lọ, nítorí náà ihò yẹn ò nílò àyẹ̀wò. Èmi tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Ajégúnlẹ̀ létí odò, níbi tí kò sẹ́ni tó jẹ́ gbé bátìrì sílẹ̀ nítorí omíyalé. Orí àjà ni gbogbo wa ń gbé e sí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí bírò wà lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí mo di olórí, mo fẹ́ kí Mọ́mì rí i pé mo ti dèèyàn, mo bá gbé ọ̀kan lára ìnfátà yẹn lọ ta wọ́n lọ́rẹ. Àkànní ló gun àjà lọ gbé bátìrì sí. Wáyà tó sọ̀ kalẹ̀ tó mítà márùn-ún. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi pè mí: "Bámi ọmọ mi, láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ rẹ ti dé, ńṣe ni rédíò mi ń ta bí gúgúrú. Mi ò gbọ́ ìròyìn mọ́." Mo lọ. Wọ́n wọ ilé ìdáná, mo pa ìnfátà, rédíò sọ̀rọ̀ ketekete. Mo tan án padà, gúgúrú tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, mo ní, "Bátìrì rédíò yín ló ti kú, Mọ́mì. Ẹ ní kí Àkànní ra òmíràn." Àkànní rà á. Ó tún rà á. Mọ́mì bẹ̀rẹ̀ sí í bú u pé ayédèrú ló ń lọ kó wá láti Mile 12. Mo lè ní kí wọ́n máa pa ìnfátà bí wọ́n bá fẹ́ gbọ́ ìròyìn, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí pé ọ̀rọ̀ á dé Ìkòsí. Ojo ni mí.

Lọ́jọ́ Sunday tí omi dé, láti ọ̀sán ni rédíò ti ń kéde pé odò ń kún bọ̀, kí àwọn ará etídò kúrò nílé. Kúnbi tó ń gbé òdìkejì gbọ́, ó kó àwọn ọmọ ẹ̀ jáde, ó gbà pé Mọ́mì náà ti gbọ́, torí ta ni ò mọ̀ pé wọn kì í pa rédíò wọn. Àmọ́ ìnfátà mi wà ní títàn, gúgúrú nìkan ni rédíò Mọ́mì ń ta. Ẹ sì mọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń dùn wọ́n. Aago mẹ́rin ni omi wọlé. Ọjọ́ta ni Àkànní ti sáré dé, kò bá wọn láyé.

Ibi sàréè ni mo ti wá ṣe èyí tó burú jù. Uncle, ẹ yíjú sí mi, ẹ ní, "Ìwọ lo mọ̀ nípa rédíò nínú wa. Kí ló ṣe rédíò Mọ́mì?" Àkànní ní, "Bọ̀dá Bámi, ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo ra bátìrì." Mo ní, "Mo ti ní kó ra ojúlówó." Ọ̀rọ̀ mi yẹn lẹ fi lé e jáde kúrò nínú ẹbí.

Lóṣù tó kọjá mo yà ní yàrá ẹ̀ ní Kétu. Rédíò Mọ́mì wà lórí tábìlì, omi ti bà á jẹ́, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Mo ṣí ẹ̀yìn ẹ̀, bátìrì tuntun ló wà níbẹ̀. Ó ní gbogbo ìparí oṣù lòun ń pààrọ̀ ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa tún sọ pé òun ò rà á. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú mi. Mo ti kọ̀wé sí Madam Clara pé kí wọ́n kó ìnfátà yẹn kúrò lọ́jà, kí wọ́n sì ṣe mí bó ṣe yẹ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ má ṣe dúró de èsì kẹ́ ẹ tó pinnu ibi tó yẹ kẹ́ ẹ wò. Àkànní wà lẹ́nu géètì, èmi ni mo pè é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó wọlé. Àkànní, tó o bá ń gbọ́ mi níbẹ̀ yẹn, dárí jì mí. Má ra bátìrì mọ́.