Ohùn Màmá Elégbè Nínú Páálí Gọ́tà

Ẹ̀yin tí mo ti ń pa lẹ́rìn-ín láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ fi ẹ̀rín sápò ná. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí kò ní bá mi sùn mọ́. Olè ni mí. Ẹ má tíì yẹ àpò yín wò, owó kọ́. Orin ni mo jí, ẹni tó ni ín sì wà láàyè.

Gbogbo yín lẹ mọ orin tó sọ bàbá mi olóògbé, afunfèrè, di olókìkí. Nígbà tí mo fẹ́ kọ ìwé ìtàn rẹ̀, mo lọ sí ilé ìkàwé ńlá, sí yàrá tí wọ́n ń tọ́jú àwọn ohun àtijọ́ sí. Bírò kò gbọdọ̀ wọbẹ̀, pẹ́ńsù nìkan. Páálí kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé fúnni lẹ́ẹ̀kan. Mo dá àpárá fún obìnrin tó ń ṣọ́ yàrá náà títí, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọ̀gá aláwàdà, ohun tí ẹ bá dá padà sínú páálí mìíràn, ó sọnù nìyẹn, bí kò tilẹ̀ kúrò nínú ilé yìí.” Ìkìlọ̀ ló ń ṣe fún mi. Ìmọ̀ràn ni mo gbọ́.

Torí pé lọ́jọ́ náà gan-an ni mo gbọ́ téèpù kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ níbi tí ẹgbẹ́ bàbá mi ti ń dánrawò. Bàbá mi ń kọ orin yẹn, ó ṣì í kọ, obìnrin kan sì dá a dúró: “Rárá o, ọ̀gá! Ibẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ẹ̀yin ń gùn ún bí àkàbà.” Bàbá mi ní, “Ó dáa, ìwọ tó ṣẹ̀dá rẹ̀, tún un kọ́ mi.” Màmá Elégbè ni, tó ń gberin lẹ́yìn rẹ̀! N kò jẹ́ kí téèpù náà parí. Mo tì í bọ apá kóòtù mi, mo ní kí wọ́n gbé páálí àwòrán gọ́tà ìlú wá. Obìnrin yẹn wò mí: “Ṣé gọ́tà náà ń kọrin ni?” Ibẹ̀ ni mo sin téèpù sí. Ìwé mi jáde, wọ́n pàtẹ́wọ́, ojú ò tì mí.

Ẹ dúró, èyí tó burú jù ń bọ̀. Màmá Elégbè tẹ ọ̀pá wá bá mi ní yàrá yẹn. “Ọmọ mi, wọ́n ń pè mí ní òpùrọ́ láti ìgbà tí ìwé rẹ ti jáde. Wọ́n ní o mọ ibí yìí bí ẹní mowó. Èmi ni mo ṣẹ̀dá orin bàbá rẹ. Bá mi wá téèpù ìdánrawò wa, kí orúkọ mi lè wà lára orin mi kí n tó kú.” Mo sì bá Màmá wá a! Odindi ọ̀sẹ̀ kan, nínú àwọn páálí tí mo mọ̀ pé kò sí nínú wọn. Mo ń laagùn, mo ń mí kanlẹ̀, wọ́n ń ṣàdúrà fún mi. Níkẹyìn wọ́n ní, “Fi sílẹ̀, ọmọ mi. Bóyá mo lá a ni.”

Gbólóhùn yẹn ló gún mi lọ́kàn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jẹ́wọ́ fún obìnrin yàrá náà. Ó gbé páálí gọ́tà jáde: “Ó ń kọrin lóòótọ́.” Òun ló dá àpárá, èmi ni n kò lè rẹ́rìn-ín. A ránṣẹ́ pe Màmá, a jẹ́ kí téèpù náà dópin. Lẹ́yìn orin, ọmọ kan figbe ta nínú téèpù náà. Bàbá mi ní, “Ẹ wo ọmọ mi aláriwo yìí! Orin tó o ṣe láti fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún la fẹ́ gbà sílẹ̀, kò jẹ́.” Obìnrin náà ní, “Ẹ gbé e fún mi.” Ó rọra kọ ọ́. Ọmọ náà dákẹ́.

Bàbá mi kò bí ju ọmọ kan lọ.

Mo kúnlẹ̀, mo bú sẹ́kún. Màmá Elégbè ní, “Dìde, aláriwo. N kò ní ohùn tí mo lè fi rẹ̀ ọ́ lẹ́kún mọ́.” Wọn ò sọ pé àwọn ti dárí jì mí, n kò sì ní jókòó máa retí rẹ̀. Mo ti ní kí wọ́n kó ìwé mi kúrò lórí àtẹ. Òmíràn ń bọ̀, orúkọ wọn ni yóò ṣíwájú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ óò jókòó sí yàrá yẹn lẹ́yìn mi, ẹ jẹ́ kí téèpù máa parí. Màmá, ẹ forí jì mí. Ariwo ni mo mọ̀ ọ́n pa láti kékeré. Orúkọ yín ni màá fi ìyókù rẹ̀ pè.