Ọjọ́ Ni Wọ́n Ń Sún

Nígbà tí ọ̀rọ̀ Bakassi gbóná láàárín Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè tí mò ń gbé, mo bá ìyá kan àti ọmọ àbúrò rẹ̀ wọ takisí láti Nkololoun. Ọmọ náà jẹ́ réserviste, àwọn sójà tí wọ́n máa ń pè bí nǹkan bá le, Yorùbá ni wọ́n sì ń sọ.

"Wọ́n ti yọ orúkọ rẹ ni?"

"Rárá, Màmá. Mo ti pa ìdánilẹ́kọ̀ọ́ jẹ lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá di ẹ̀ẹ̀mẹta, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á sì gba káàdì mi. Káàdì yẹn ló ń jẹ́ kí ọlọ́pàá fi mí sílẹ̀ lójú ọ̀nà."

"Kí ló dé tí o fi ń pa á jẹ?"

"Sátidé la máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀, mi ò sì pa á jẹ rí. Wọ́n wá sún un sí ọ̀sán Jímọ̀. Àwa mẹ́rin tó ń kírun ni kì í lè dé. Sájẹ́ńtì ní kò sí ọkọ̀ ní Sátidé mọ́."

"O sì gbà á gbọ́?"

"Ó lè jẹ́ òótọ́, Màmá."

"Ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọmọ ibo ni bàbá yín?"

"Ọmọ Nàìjíríà ni gbogbo wọn."

"Ẹn-ẹ́n. Wọn ò lé yín. Ọjọ́ ni wọ́n ń sún, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó fẹsẹ̀ ara yín jáde."

Ìyá náà wá wò mí. "Rọra sọ̀rọ̀. A ò mọ ẹni tí eléyìí jẹ́."

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí mi. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ ní Bonamoussadi, Faransé ni mo fi kí wọn pé ó dàbọ̀.