Agolo Tí Mo Dà Bo Àpótí Àbúrò Mi

Àràárọ̀ ni àbúrò mi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Bí mo bá gbé ẹ̀kọ wọlé tọ̀ ọ́, tí mo bá a já àkàrà sí wẹ́wẹ́ nítorí pé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ṣeé lò mọ́, á ní, "Bọ̀dá mi, Ọlọ́run á san yín lẹ́san rere." Èmi á sì ṣe àmín. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí mọ irú ẹni tó ń ṣe àmín yẹn. Ó ti lé lọ́dún márùndínlọ́gbọ̀n tí mo ti ń tún rédíò ṣe ní Bẹẹrẹ. Mo ti di ẹni tí wọ́n ń fọ̀rọ̀ lọ̀ ní agboolé wa. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fi ṣe ọmọ bàbá mi, n kò tíì lè fi ẹnu mi sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, àní fún ìyàwó tí a jọ ń sùn, tí a jọ ń jí.

Mùfútáù lorúkọ rẹ̀. Ọbàkan ni wá, bàbá kan náà ló bí wa, ìyá wa yàtọ̀. Nígbà tí bàbá wa kú, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n fi í sí kó wá kọ́ṣẹ́. Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí tó fi mọ bí a ṣe ń jó lẹ́ẹ̀dì sára wáyà láì jó ara ẹni. Ó lọ sí Poli, ó ṣe tán, ó sì gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nísàlẹ̀ Màpó. Inú mi dùn sí i nígbà náà, n kò purọ́. Ta ni kì í fẹ́ kí ohun tí òun gbìn hù? Àṣé ènìyàn lè fẹ́ kí igi hù, kó má sì fẹ́ kó ga ju òun lọ.

Odò kan wà tó gba ìsàlẹ̀ àdúgbò wa kọjá. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá ń ràn, ọmọdé lè fò ó. Ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀ lókè lọ́hùn-ún, ilẹ̀ ọ̀dọ̀ tiwa lè gbẹ táútáú kí omi ṣàdédé ya wọlé bá èèyàn. Èyí ló ká Mùfú lára. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan àwọn àpótí kékeré kan tí kò ju páálí ṣúgà lọ. Àkọ́kọ́ wà létí odò, ó ń wọn bí omi ṣe ga tó. Àwọn yòókù wà lórí òrùlé káàkiri. Èyí tó wà létí odò á sọ fún òrùlé tó bá súnmọ́ ọn, òrùlé náà á sọ fún ìkejì, ìkejì á sọ fún ìkẹta, títí ọ̀rọ̀ á fi gòkè dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí omi bá ti ga ju ààlà lọ, fèrè á dún ní mọ́ṣáláṣí wa, kí gbogbo ará ìsàlẹ̀ tètè kó ẹrù àti ọmọ wọn. Àwọn àpótí náà kò lo síìmù, wọn kò lo dátà. Wọ́n á sùn, wọ́n á jí fún ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n á sọ̀rọ̀, wọ́n á tún sùn, ìdí nìyẹn tí bátìrì kékeré àti sólà tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ fi tó wọn. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe iṣẹ́ rédíò, mo mọ̀ nínú ọkàn mi pé iṣẹ́ ńlá ni. Ohun tó dùn mí gan-an nìyẹn. Ká ní n kò mọ̀ ni, bóyá n kì bá tí jowú.

Owú náà kò wọlé lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan gbé rédíò àtijọ́ wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ibí ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà?" Mùfú ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo tún rédíò rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n n kò lè jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà. Ṣé èmi náà kò lórúkọ ni? Nígbà tó yá, a lọ sí ìpàdé àwọn onílé, Mọ́gàjí tó jẹ́ olórí agboolé wa sì ní kí Mùfú wá jókòó lápá ọ̀tún òun. Wọ́n ní ọmọ tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ á bá àgbà jẹun. Èmi tí mo kọ́ ọ bí a ti ń wẹ ọwọ́ náà, ẹ̀yìn lórí bẹ́ǹṣì ni mo wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń tòògbé. Mo délé, ìyàwó mi ní, "Bàbá Kúdí, ẹ ò rí i bí Ọlọ́run ṣe gbé ọmọ yìí ga?" Mo ní mo rí i. Omi gbígbóná ni mo rò pé ó dà sí mi láyà.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dán iṣẹ́ náà wò níwájú gbogbo àdúgbò, mo gun òrùlé mi. Àpótí kan wà níbẹ̀ tí Mùfú fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Mo mú agolo bísíkítì ńlá kan, mo dà á bò ó, mo fi òkúta lé e lórí. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rédíò mọ̀ pé irin kì í jẹ́ kí ohùn kọjá. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú o. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí fèrè kọ̀ láti dún, kí àwọn èèyàn wo ojú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wo ojú tèmi, kó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi kó ní, "Bọ̀dá, ẹ gbà mí."

Fèrè dún. Mùfú da omi sínú páìpù tó fi ń wọn odò, ká tó ka ení, èjì, mọ́ṣáláṣí ti ké. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, èmi náà pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi ta mí. Lẹ́yìn náà ni Mùfú wá bá mi, tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó ní, "Bọ̀dá mi, tilé yín kò gbọ́ dáadáa lónìí. Tilé Ìyá Ṣìkírá ló bá wa gbé ọ̀rọ̀ náà. Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn, bí ọ̀kan bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ á wá ọ̀nà gba ibòmíràn. Ilé ẹ̀yin méjèèjì nìkan ló ń gbọ́ ohùn odò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo tiyín." Mo ní màá wò ó, ṣùgbọ́n n kò ṣí agolo náà. Ẹ gbọ́, ó fọkàn tán mi débi pé ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tí mo lè gbà pa iṣẹ́ rẹ̀ fún mi.

Ọjọ́ kejì ni mo lọ kí Ìyá Ṣìkírá, opó àgbàlagbà kan tó ń ta ọṣẹ dúdú lójúde ilé rẹ̀. Mo jókòó, mo béèrè àlàáfíà, mo wá ní, "Ìyá, ohun tí wọ́n kàn mọ́ òrùlé yín yẹn, ẹ ṣọ́ra. Irú ẹ̀ máa ń fa àrá." Ìyá wò mí, wọ́n ní, "Ìwọ tí o mọ iṣẹ́ rédíò láti ìgbà bàbá rẹ, bí o bá ti ní kò dáa, a jẹ́ pé kò dáa." Kí oòrùn tó wọ̀, ayálégbé wọn kan ti yọ ọ́. Bí mo ṣe fi orúkọ rere tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ ṣe ìkà nìyẹn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, Mùfú wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní òun kò gbúròó odò mọ́ látàná, òjò sì ti ṣú lókè. Ó ní, "Ṣé kì í ṣe tilé yín, Bọ̀dá?" Ẹ̀yin ará, ẹnu mi ló kù kí n là. Bí mo bá ní, "Dúró, jẹ́ kí n gun òrùlé," ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Mo ní, "Tèmi dáa. Odò ni kó o lọ wò." Ó dúpẹ́, ó lọ.

Omi ya. Kò sí fèrè tó dún. Mùfú ti lóṣòó létí odò, ó ń tú àpótí rẹ̀, nígbà tí omi gbá ògiri kan lulẹ̀ mọ́ ọn. Omi wọ ilé àwọn ará ìsàlẹ̀, ó gbé gbogbo aṣọ òfì tí obìnrin kan kó bọ̀ láti ọjà Ọ̀jẹ́. Nígbà tí wọ́n fi máa fa àbúrò mi yọ, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti rún lábẹ́ búlọ́ọ̀kù. Ní ọsibítù, wọ́n gé ìka méjì, wọ́n ní àwọn yòókù kò ní lè di nǹkan mú mọ́. Kí n tó tẹ̀ lé wọn lọ, mo kọ́kọ́ sáré gun òrùlé, mo ṣí agolo kúrò, mo jù ú sínú àgbàrá. Ẹ wo irú ẹ̀gbọ́n tí mo jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú jù. Ìyá Ṣìkírá ń sọ káàkiri pé Ọlọ́run ló lò mí láti gba ilé àwọn lọ́wọ́ àrá. Ọ̀rọ̀ náà ti ilé kan bọ́ sí ìkejì, ilé márùn-ún ti yọ tiwọn. Ó dé etí Mùfú lórí ibùsùn rẹ̀. Ó wo ojú mi, ó ní, "Bọ̀dá mi, ṣé lóòótọ́ ni? Ṣé iṣẹ́ mi lè fa àrá?" Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá ní, "A jẹ́ pé mo fẹ́ẹ̀ pa àwọn èèyàn. Mo dúpẹ́ tí ẹ tètè rí i." Láti ọjọ́ náà ni oorun ti di èèwọ̀ fún mi. Wọ́n ní ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà. Tèmi ń mì.

Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ìpàdé wà níwájú ilé Mọ́gàjí. Mùfú fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo àdúgbò, kí wọ́n sì yọ àpótí tó kù. Ẹ̀ẹ̀rùn ṣì jìnnà. Bí mo bá jẹ́wọ́, Mọ́gàjí lè lé mi kúrò ní agboolé, ìyàwó mi á mọ ẹni tí òun fẹ́, àbúrò mi kò sì ní pè mí ní Bọ̀dá mọ́. Bí mo bá dákẹ́, omi mìíràn á ya láì sí fèrè, bóyá ti ọ̀tẹ̀ yìí kò sì ní mọ sórí ìka méjì. Ẹ̀yin òbí mi, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ ká tó lọ sípàdé, àbí kí n dìde sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ní kí n dákẹ́. Lówùúrọ̀ yìí ló ní kí n bá òun kọ ọ̀rọ̀ àforíjì náà sílẹ̀, nítorí òun kò lè di bírò mú. Ó pè é, mo ń kọ: "Èmi ni mo jẹ̀bi ohun tó ṣẹlẹ̀." Ó ní kí n kọ orúkọ sí abẹ́ rẹ̀. Bírò ṣì wà lọ́wọ́ mi, n kò tíì kọ orúkọ kankan.