Agolo Ẹ̀tù Tí Mo Gbé fún Orrin

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ ayìnbọn, ẹ jẹ́ kí oúnjẹ yín tutù díẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kà yìí, mo kọ ọ́ sílẹ̀ ni, nítorí bí mo bá ní kí n fi ẹnu lásán sọ ọ́, ẹ̀rù á mú mi fo ibi tó burú. Mo mọ ara mi. Èmi Verlin, tí ẹ máa ń pè ní Ọ̀gá Ẹ̀tù, èmi ni mo ba ọwọ́ Orrin jẹ́. Kì í ṣe Orrin. Mo ti kà á síta báyìí, kò ṣeé gbé mì mọ́. Ẹ má tíì dìde. Orrin, jọ̀ọ́, jókòó. Maybeth, bá mi di bàbá rẹ mú kó gbọ́ ọ tán. Ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn panápaná yìí kò jìnnà sí mi, mo sì ti ń wò ó láti àárọ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní gba ibẹ̀ jáde títí màá fi kà á dópin.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ níbí rántí bí Orrin ṣe wá bá mi. Ó ń kan bàtà irin mọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin nígbà yẹn, ọwọ́ rẹ̀ le bí gbòǹgbò igi. Ìbọn ìléwọ́ méjì ló ní: kékeré tó fi ń bá wa díje, àti ńlá tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ó ti ń ṣa kòròfo ọta jọ, ó fẹ́ máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ kún wọn. Ó ní kí n yan ẹ̀tù kan ṣoṣo fún òun, èyí tó máa bá ìbọn méjèèjì mu, nítorí Corliss ìyàwó òun ti búra pé bí agolo ẹ̀tù bá fi ju ẹyọ kan lọ nínú yàrá abẹ́ ilé, òun á kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun. Mo ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kó kúkú ra méjì. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Ẹ mọ̀ pé ẹ̀tù kì í ṣe ọ̀kan. Òmíràn ń jó wàrà bí koríko ọ̀gbẹlẹ̀, ìbọn kékeré ló fẹ́ ẹ, díẹ̀ bíńtín ni wọ́n sì ń bù nínú rẹ̀. Òmíràn ń rọra jó bí igi tútù, ìbọn ńlá ló ni ín. Àárín méjèèjì ni mo ti yan ti Orrin, ẹ̀tù fífúyẹ́ kan tó máa ń gba àyè nínú kòròfo. Kò tayọ nínú ìbọn kankan, kò sì já ọ̀kankan kulẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi yàn án jù, mo fi hàn án lórí tábìlì mi: béèyàn bá ṣèèṣì bù ú lẹ́ẹ̀mejì sínú kòròfo kékeré, ńṣe ló máa kún wọ́ sílẹ̀, ojú á rí i. Mo ní, “Orrin, ẹ̀tù yìí ò ní jẹ́ kó o ṣe ara rẹ léṣe.” Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Ẹnu mi ló ti jáde.

Ìgbà òtútù tí ẹ̀tù wọ́n, tí pẹpẹ gbogbo ilé ìtajà ṣófo, ni ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀. Agolo kan péré irú ti Orrin ló kù lọ́wọ́ mi, mo sì ti ṣèlérí rẹ̀ fún un. Òfin wa kò ṣòro. Agolo kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì. Dá èyí tó kù nínú àrọ ẹ̀rọ tí a fi ń kún ọta padà sínú agolo rẹ̀, gbé agolo náà kúrò, kó o tó gbé òmíràn wá. Bàbá Amos, alága wa, kì í jẹ́ kí ẹni tuntun fọwọ́ kan ẹ̀rọ láìkọ́kọ́ kà á sétí rẹ̀. Mo máa ń fi òfin yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní àwọn tójú wọn ò dá ẹ̀tù mọ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Ìgbéraga lásán. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, agolo méjì wà níwájú mi: ti Orrin, tí mo ṣí wò, àti ajówàrà tí mo fi ń kún ọta tèmi. Eérú ni àwọ̀ àwọn méjèèjì. Nígbà tí mo ṣe tán, mo tú àrọ kúrò lára ẹ̀rọ, mo da èyí tó kù nínú rẹ̀ padà. Ìgbà tí mo fẹ́ dé agolo náà ni mo tó rí ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Agolo Orrin ni.

Ohun tó yẹ kí n ṣe, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n níbí. Ẹ̀tù tó bá ti dàpọ̀ kì í ṣe ẹ̀tù mọ́, kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe máa jó, orí koríko là ń dà á sí, koríko á sì fi sanra. Mo gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Mo dúró. Mo ń gbọ́ ohùn yín létí mi bí ẹ ó ṣe máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ nídìí oúnjẹ àárọ̀, pé Ọ̀gá Ẹ̀tù ti da ẹ̀tù pọ̀. Mo padà sínú ilé, mo gbọn agolo náà, mo wo inú rẹ̀. Ó dà bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ní díẹ̀ ni, ó ti rì sínú púpọ̀. Irọ́ ni, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni bí mo ṣe ń pa á fún ara mi. Ọkọ̀ Orrin wọ àgbàlá. Ó gba agolo náà, ó fẹnu kò ó lára, ó ní bí òun bá fi ẹ̀tù tí mo fún òun nà mí níbi ìdíje, kí n má sunkún o. Mo ní mi ò ní sunkún.

Ẹ̀yin náà wà níbi ìdíje. Àwọn ọta àkọ́kọ́ jáde dáadáa. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó rí bẹ́ẹ̀ dópin. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mi ò bá sọ, kí n ní “Dúró.” Mi ò sọ ọ́, mo ń ka ọta tó kù. Lẹ́yìn náà la gbọ́ ìró tó yàtọ̀ sí ìró ìbọn: ajówàrà ti pọ̀ jù nínú ọta kan, ìbọn sì fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìka méjì ni dókítà gé.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ ló burú dé. Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Inú gbọ̀ngàn yìí la ti ṣe ìpàdé lórí rẹ̀, Orrin jókòó síbi tó jókòó sí yìí gan-an, wọ́n fi aṣọ funfun wé ọwọ́ rẹ̀ títí dé ìgúnpá. Wọ́n ní kí n dìde ṣàlàyé, torí èmi ni mo mọ ẹ̀tù. Mo dìde. Mo ní ó bù ú lẹ́ẹ̀mejì ni. Bàbá Amos wò mí láti ìsàlẹ̀ gíláàsì ojú rẹ̀.

“Verlin, ṣé kì í ṣe ẹ̀tù yẹn lo ní ó máa ń kún wọ́ sílẹ̀ béèyàn bá bù ú lẹ́ẹ̀mejì?”

Ọ̀nà àbájáde nìyẹn, Ọlọ́run ló ṣí i fún mi, èmi ni mo tì í. Mo ní, “Ó wọ́ sílẹ̀, sà. Ó ní láti jẹ́ pé ó fọwọ́ gbá a dànù láìwò ó.”

Gbogbo yín yíjú sí Orrin. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, “Ó ṣeé ṣe. Corliss wà ní ọsibítù lọ́sẹ̀ yẹn, ọkàn mi ò sí lọ́dọ̀ mi. Ó ṣeé ṣe kí n gbá a dànù.” Ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ gbọ́? Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Látìgbà náà ló ti ta ẹ̀rọ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ò lè di ìṣó ẹṣin mú mọ́, ó wá ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé. Àwọn kan nínú yín sọ ọ́ ní Bùlẹ́ẹ̀mejì, bó bá ń da kọfí ẹ ó ní kó rọra o, ẹ̀ẹ̀kan tó. Ó máa ń bá yín rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rò pé mo lè gbé e bẹ́ẹ̀ dé sàréè.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Maybeth bá mi níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ẹran ọ̀sìn. Ó ní, “Bàbá Verlin, ẹ yan ẹ̀tù kan fún mi, èyí tó máa bá ìbọn bàbá àgbà àti kékeré tèmi mu. Àbí kí n kúkú lo ti Dádì? Ó ṣì wà nínú agolo tẹ́ ẹ fún un, kò tíì lò ó dé ìdajì.”

Mo bi í pé kí ni bàbá rẹ̀ wí.

“Ó ní kí n má dán an wò. Ó ní àìbìkítà wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa.”

Maybeth! Ọmọ tó ń wọn oògùn fún aláìsàn lójoojúmọ́. Mo tẹ̀ lé e délé, mo ní ẹ̀tù náà ti gbó, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn ni irọ́ tí mo pa kẹ́yìn. Mo gbé agolo náà sórí àga ọkọ̀ mi, mo sì mọ̀ pé bí mo bá dà á nù ní ìkọ̀kọ̀, ẹ̀jẹ̀ Orrin ni wọn yóò máa dá lẹ́bi títí ayé.

Ó wà lórí tábìlì yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò kọfí. Ẹ lè lé mi lẹ́gbẹ́. Ẹ lè pe ṣẹ́ríìfù, mi ò ní sá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ máa wá ẹ̀tù tó bá gbogbo ìbọn mu, ó dára. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá da ẹ̀tù pọ̀, ẹ ké síta kíá, kí wọ́n fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Yẹ̀yẹ́ kì í gé ìka.

Orrin, mo bẹ̀ ọ́. Mi ò ní kó o dárí jì mí lónìí. Ohun tí mo ń tọrọ ni pé kó o bá mi jáde sórí koríko ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yìí. Ìwọ ni kó o da ẹ̀tù náà nù, pẹ̀lú ọwọ́ yẹn, kí gbogbo wọn rí i. Èmi á ṣí ilẹ̀kùn. Ìwọ ò bù ú lẹ́ẹ̀mejì, Orrin. Ìwọ ò gbá nǹkan kan dànù.