Ohun tí Bọ̀dá Délé ní kí n sọ fún dókítà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti pé ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri. Ìyàwó mi pàápàá ò gbọ́ ọ rí. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ló ń dẹ́rù bà mí tí mo fi ń sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Ìlú London ni wọ́n bí mi sí, bọ́ọ̀lù ni mo sì gbá jẹun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yìn ni mo ti ń gbá. Iṣẹ́ wa ni ká má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ráyè gbá bọ́ọ̀lù sílé wa. Èmi àti Bọ̀dá Délé la jọ ń ṣe é. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti wá, wọ́n sì fi ọdún márùn-ún jù mí lọ. Yorùbá la máa ń bá ara wa sọ lórí pápá, kí àwọn tí à ń bá gbá má baà mọ ète wa. Bọ̀dá Délé ni wọ́n tún Yorùbá ẹnu mi ṣe.

Lọ́jọ́ tí sáà kan parí, bí a bá fìdí rẹmi, a máa já sí ìsọ̀rí ìsàlẹ̀, ẹgbẹ́ ò sì ní gbà mí mọ́. Ó ku nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bọ̀dá Délé fò sókè láti fi orí kan bọ́ọ̀lù, orí ẹlòmíì gbá tiwọn. Wọ́n ṣubú. Dókítà ẹgbẹ́ wa sáré wọlé.

Bọ̀dá Délé di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, “Àbúrò, ojú mi ń ṣe bàìbàì. Mi ò mọ ibi tí a wà. Sọ fún wọn.”

Dókítà bi mí pé kí ni wọ́n wí. Mo wo ẹni tó máa rọ́pò wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò yá rárá. Mo ní wọ́n ní kò sí nǹkan, pé àwọn fẹ́ máa gbá a lọ.

Léraléra ni wọ́n tún fi orí yẹn kan bọ́ọ̀lù. Ìgbà kan wà tí wọ́n dojú kọ ilé tiwa, èmi ni mo yí wọn padà. A borí, ẹgbẹ́ sì fún mi ní ìwé àdéhùn tuntun. Nígbà tí à ń pààrọ̀ aṣọ, wọ́n bi mí bóyá eré ti bẹ̀rẹ̀. Mo fi rẹ́rìn-ín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mi ò fẹ́ràn wọn. Àwọn ni wọ́n fà mí wá sí Atlanta nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Redan ni wọ́n ń gbé, èmi wà ní Austell. Láti bí ọdún méjì ni iyè wọn ti ń ra. Ní oṣù tó kọjá, Gẹ̀ẹ́sì tán lẹ́nu wọn pátápátá, Yorùbá nìkan ló kù. Ìyàwó wọn, ọmọ Jàmáíkà, kò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀.

Ó pè mí lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, mo sì lọ sílé wọn. Bí Bọ̀dá Délé ṣe rí mi, wọ́n di ọwọ́ mi mú.

“Àbúrò, sọ fún wọn.”

Ìyàwó wọn ní, “He's been saying that all week. What is it?”

Mo ní omi ni wọ́n ń béèrè. Ó lọ bu omi wá. Bọ̀dá Délé wo omi náà, wọ́n wò mí, wọn ò mu ún.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa lé e bá. Tèmi ò tilẹ̀ tíì pé ogún.

Lọ́jọ́bọ̀, a ń lọ rí dókítà ọpọlọ ní Lawrenceville. Ìyàwó wọn ti sọ níbẹ̀ pé òun ò fẹ́ ògbufọ̀ kankan, pé èmi ń bọ̀. Dókítà máa béèrè bóyá Bọ̀dá Délé ti forí gbá rí, ìgbà wo, àti ohun tí a ṣe sí i. Bí mo bá sọ òótọ́, mi ò ní lè wọ ilé yẹn mọ́. Bí mo bá parọ́, ìtọ́jú tí kò bá àìsàn wọn mu ni wọ́n máa gbà.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n lọ bá ìyàwó wọn lónìí, kó tó di Ọjọ́bọ̀? Mo mọ ara mi. Bí wọ́n bá tún di ọwọ́ mi mú níwájú dókítà, irọ́ ni ẹnu mi máa kọ́kọ́ sọ.