Láwàlì Gbin Igi sí Etí Odò Mi

Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ sùúrù, Bọ̀dá Ọláwuyì, ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ rárá! Sùúrù wo? Èmi Hàkímù, ẹ̀gbọ́n ìyàwó, èmi ni mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárọ̀ yìí fún ẹni tó fẹ́ fẹ́ àbúrò mi, lójú títì, lójú àwọn oníbúlọ́ọ̀kù, tí mo ń pè é ní Baálẹ̀! Ẹ ti gbọ́ irú ẹ̀ rí? Kò tíì gbé ìyàwó o! A ò tíì ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́! Àna ló ń dọ̀bálẹ̀ fún ilé ìyàwó láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, àfi ìgbà tí ẹ̀yin jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti ń kọ sáìn-bọ́ọ̀dù, tí ẹ kun odò, òkè àti igbó sára pákó, tí ẹ ní ká wá máa fi ìdérí ìgò tẹ ìlú dó lórí ẹ̀, ó kan ìwọ, ó kan èmi, tí ẹ pè é ní eré.

Mo mọ̀ pé eré ni! Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ná. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá pàdánù ní Sọ́ńdè gbọ́dọ̀ máa dọ̀bálẹ̀ kí ẹni tó borí ní Baálẹ̀ títí di Sọ́ńdè mìíràn. Òfin yín ni, mo sì fara mọ́ ọn. Ká ní ó nà mí bí ọkùnrin ṣe ń na ọkùnrin ni, ṣé ẹ máa gbọ́ ohùn mi? Wàyó ni! Wàyó paraku!

Ṣé ẹ ò rántí bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ ni? Láwàlì, ọkọ àfẹ́sọ́nà Nùsírátù yìí, jókòó sí abúlé ẹ̀ kan ṣoṣo lórí òkè olókùúta, ó ń to ẹ̀ṣọ́ lé ẹ̀ṣọ́, bí ẹni tó ri wúrà mọ́bẹ̀. Èmi mọ̀ pé ìbẹ̀rẹ̀ ni ilẹ̀ wà, ẹni tó bá jókòó sójú kan ní ìbẹ̀rẹ̀, ojú kan náà ló máa kú sí. Bó bá ti kàn mí báyìí, mo ti yọ èèyàn jáde, mo ti tẹ abúlé mìíràn dó. Mo gba etí odò, mo gba oríta, mo ń wọ igbó lọ. Ìdérí ìgò mi ló kún ojú pákó. Ẹ̀yin fúnra yín pariwo pé, "Hàkímù, ìwọ yìí ò ní fi àyè sílẹ̀ fún ẹnì kankan!" Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Láti ìgbà tí mo ti ń mọlé fún àwọn ará Èkó ní Mowe níbí, yàrá kan tí mo háyà ni mo ṣì ń gbé. Orí pákó yín yẹn nìkan ni mo ti nílẹ̀ rí láyé mi.

Ebi wá mú Láwàlì. Àwọn hóró àgbàdo tó fi ṣe èèyàn ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ta ló ń dáko lórí òkúta? Ló bá dọ̀bálẹ̀! Ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yín! "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣàánú mi, ẹ yọ̀ǹda díẹ̀ fún mi létí odò yín kí n fi dáko." Ó fọwọ́ bàpò, ó mú obì jáde. Kì í ṣe obì eré o, obì gidi, obì àbàtà! Èmi jẹ, òun jẹ, ẹ̀yin náà jẹ, ẹ tún ń yìn ín pé ó gbó dáadáa. Kò sí lára òfin pákó, mo gbà, ṣùgbọ́n ẹni tó gbé obì wá tọrọ ilẹ̀, ṣé kò ti gbà pé èmi ni onílẹ̀? Nílé wa ní Ìwó, àlejò lè gbin ẹ̀gẹ́, ó lè gbin àgbàdo, ó lè gbin ẹ̀wà títí ọwọ́ á fi bó o, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin igi! Ẹni tó bá gbin igi ti ní òun ò lọ mọ́ nìyẹn. Ọmọdé mọ̀ ọ́n. Láwàlì náà mọ̀ ọ́n, ọmọ Ẹdẹ ni, kì í ṣe òyìnbó.

Ta ló wá ń ṣọ́ irú àlejò bẹ́ẹ̀? Mo kó gbogbo ẹ̀ṣọ́ mi kúrò létí odò, mo kó wọn wọgbó lọ kí n lè rí ibẹ̀ tẹ̀dó. Mo tiẹ̀ ń sọ nínú ara mi pé Láwàlì wà níbẹ̀, àna mi ni, á máa bá mi fojú sí i. Ojú wo! Ẹkùrọ́ ló rọra gbé sílẹ̀ láàárín àgbàdo, ẹkùrọ́ tí ẹ fi ṣe igi ọ̀pẹ nínú eré yín! Ó ń súfèé! Èmi ti kọjú sí igbó mi. Ìgbà tó tún kàn án, ó nàró, ó ní igi òun ti ta gbòǹgbò, òun ló ni etí odò. Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé àwàdà ni, mo yíjú sí yín. Ẹ̀yin, Bọ̀dá Ọláwuyì, ẹ̀yin tí obì ṣì ń bẹ lẹ́nu yín, ẹ ní òfin pákó ni pé ẹni tó bá gbin igi, tí wọn ò hú u kó tó tún kàn án, òun ló nilẹ̀!

Kí lẹ wí? Pé ó yẹ kí n yẹ ibẹ̀ wò? Ẹ gbọ́ ara yín! Ṣé bí ẹ ṣe ń gbàlejò nílé yín nìyẹn, ẹ máa ń dúró tì í lórí? Odò lọ, oríta ò róúnjẹ jẹ mọ́, inú igbó dá wà, Láwàlì wá ń ṣa àwọn abúlé mi lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ìgbín lẹ́yìn òjò. Ó dùn mí, Bọ̀dá. Ó dùn mí wọ eegun. Nùsírátù, àbúrò tèmi, ọmọ ìyá mi, ó gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó ní ọkọ òun gbọ́n!

Ó gbọ́n? Kò burú.

Mi ò ní bá a jà. Wọ́láì, mi ò sì ní ní kó má fẹ́ ẹ, wọ́n kúkú fẹ́ràn ara wọn. Ṣùgbọ́n bàbá wa ti kú, èmi ni wọ́n máa wá bá. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa, èmi ni wọ́n máa wá bá! Inú àgbàlá wa ní Ìwó ni Láwàlì àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti máa wá tọrọ ọmọ. Wọ́n á dọ̀bálẹ̀, èmi ni màá sì sọ ìgbà tí wọ́n máa dìde. Ṣé ẹ rò pé màá tètè sọ ọ́? Màá bèèrè ìwà ẹ̀. Màá bèèrè ìran ẹ̀. Màá ní àsìkò ìrun ti tó, màá lọ ṣe àlùwàlá, màá fọ ẹsẹ̀ mi dáadáa, ìforíkanlẹ̀ mi á sì pẹ́ lọ́jọ́ náà!

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Àwọn ará ilé ní kí n wá fi símẹ́ńtì tẹ́ àgbàlá náà kí àlejò tó dé, ṣebí bíríkìlà ni mí. Mo ní símẹ́ńtì ti wọ́n láti ìgbà tí ìjọba ti gbé sáàpù wọn dé, tí gbogbo nǹkan gbówó lórí. Yángí ni màá dà síbẹ̀, típà kan gbáko, ọwọ́ mi ni màá fi tẹ́ ẹ, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ gún un kúnná. Ẹ bá mi sọ fún Baálẹ̀ pé kó wọ lẹ́ẹ̀sì tó fúyẹ́ jù lọ wá.